Alágbàtà Oògùn Ń Fẹ́ Òfin

Ẹ̀yin ará wa ní Festac àti gbogbo Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kì í béèrè ẹgbẹ́ òṣèlú kí ó tó wọ kẹ́míìsì. Ilé tí a kọ́ fún àwọn àlejò ọdún àṣà ní 1977 ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba fi ṣe ibùgbé. Àwọn tí ó ti fẹ̀yìntì nínú wọn, owó ìfẹ̀yìntì náà ni wọ́n fi ń ra oògùn.

A kò ní parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹfà 2023 ni ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà. Ní oṣù Kẹjọ ni GSK, tí ń ta Ventolin àti Augmentin, kéde pé òun ń kógbá sílé. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ alágbàtà.

Ṣùgbọ́n àárín aláìsàn àti oògùn ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera, tí à ń pè ní HMO, jókòó sí. Òun ni ó ń gba owó, òun ni ó ń sọ oògùn tí òun yóò san owó rẹ̀, òun náà ni ó ń sọ iye tí yóò san. Bí iye náà bá kéré sí èyí tí apòògùn fi ra ọjà, apòògùn á ní oògùn ti tán, aláìsàn á sì tún san owó ohun tí ó ti san owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Irú ìdójútòfò wo nìyí?

Òfin 2022 sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Gómìnà Sanwo-Olu sì pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún Èkó ní oṣù Keje 2024. Ìjọba tí ó bá fi dandan mú ènìyàn wọ ọjà, òun ni ó yẹ kí ó yẹ òṣùwọ̀n ọjà náà wò.

Ní 2015, ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé alágbàtà kò gbọdọ̀ san iye tí ó rẹlẹ̀ sí owó tí apòògùn fi ra oògùn. Ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní oṣù Kejìlá 2020, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ dá ìpínlẹ̀ náà láre; nínú adájọ́ 8 tí ó jókòó, kò sí ẹyọ kan tí ó yapa.

Ohun tí àwa ń béèrè lọ́wọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó kò ju èyí lọ: kí a gbé iye tí HMO ń san lórí oògùn kọ̀ọ̀kan síta gbangba, kí a máa tún un ṣe bí owó ọjà ṣe ń yí, kí a sì dá ọjọ́ fún sísan gbèsè apòògùn. Aṣojú Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin méjèèjì wà níbẹ̀. Ṣé wọn yóò gbé àbá òfin náà dìde, àbí ó di ìgbà ìbò kí wọ́n tó tún mọ ọ̀nà Festac?