Ẹsẹ̀ Tí Abẹ́rẹ́ Sọ Di Aláìlágbára

Ẹ̀yin òbí ní Mọ̀pà àti gbogbo ilẹ̀ Òkun! Bí wọ́n bá gún ọmọ yín ní abẹ́rẹ́ ní ìdí, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ ẹsẹ̀, ẹ má ṣe pè é ní iṣẹ́ aráyé. Iṣan ńlá kan gba inú ìdí lọ sí ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ òun ni abẹ́rẹ́ bà.

Ǹjẹ́ ó lè sàn? Ó lè sàn. Iṣan bẹ́ẹ̀ a máa hù padà, ṣùgbọ́n bí ìgbín ni: nǹkan bí mìlímítà 1 lójúmọ́. Bí ó bá ku sẹ̀ǹtímítà 30 kí ó dé ẹsẹ̀, oṣù 10 nìyẹn. Ti inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn kì í sábà hù bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó o; ẹsẹ̀ tó ti kú kò mọ̀ pé iná ń jó òun. Ẹ máa na ọrùn ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́ kí ó má baà gan. Ẹ tètè lọ sí ọsibítù ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀. Bí oṣù 3 bá kọjá láìsí àyípadà, ẹ bèèrè dókítà oníṣẹ́ abẹ, nítorí bí ẹran ẹsẹ̀ bá pẹ́ jù láìrí iṣan, a máa rọ pátápátá.

Sùúrù dára, ṣùgbọ́n sùúrù kì í ṣe ìjókòó sílé.