Bí Ẹni Iwájú Bá Jìn sí Kòtò

Ẹni tó bá ń gbé Gowon Estate níhìn-ín mọ ìró bàálù dáadáa, nítorí pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ kan, ọmọ aládùúgbò mi gbójú sókè wo ọ̀kan tó ń kọjá, ó ní, "Ààfáà, iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n ti ológun ni mo fẹ́, èyí tó ń dábírà lójú ọ̀run." Mo bi í pé kí ni irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní. Ó ní, "Ìgboyà ni, sà." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni ìgboyà, èkejì ni mo sì fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ní ilẹ̀ wa, hẹlikọ́pítà ni àwọn ọmọ ogun ojú omi ń lò. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun òfuurufú ni bàálù ìjà wà. Níbẹ̀ ni Kafayat Sanni ti di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa bàálù ìjà ní Nàìjíríà, ní ọdún 2019, lẹ́yìn tó ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ní Amẹ́ríkà yìí kan náà, àwọn ọmọ ogun ojú omi pàápàá ń wa bàálù ìjà. Ọ̀kan nínú wọn ni Donnie Cochran, aláwọ̀ dúdú, ọmọ àgbẹ̀, tí a bí ní ọdún 1954 ní Pelham, ní ìpínlẹ̀ Georgia.

Ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Savannah State ní ọdún 1976, ó sì wọ iṣẹ́ ológun. Iṣẹ́ náà kì í ṣe eré. Orí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń balẹ̀ sí, láàárín agbami. Ìkọ́ wà ní ìdí bàálù, yóò sì há mọ́ okùn irin tí wọ́n ta sí orí ọkọ̀. Okùn yìí ni ó ń dá bàálù dúró. Bí ìkọ́ bá tàsé okùn, kí awakọ̀ tún gbéra kíákíá ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú òkun ló ń lọ.

Àwọn ọmọ ogun ojú omi yìí ní ẹgbẹ́ kan tó ń dábírà lójú ọ̀run fún àwọn ènìyàn láti wò. Blue Angels ni orúkọ wọn. Ọdún 1946 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1986 ni Cochran bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn fò, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1994, ó di ọ̀gá wọn.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Bàálù mẹ́rin yóò tò súnmọ́ra wọn, nígbà mìíràn àlàfo tó wà láàárín èyí àti èkejì kì í ju ínǹṣì 18 lọ, ìyẹn ìgbọ̀nwọ́ kan péré! Àwọn tó wà lẹ́yìn kì í wo ilẹ̀. Aṣáájú ni wọ́n ń wò. Ibi tó bá yí sí ni wọ́n ń yí sí.

Àwọn àgbà wa ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Lójú ọ̀run, kò sí àyè ọgbọ́n náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1982, ní Nevada, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun òfuurufú tí à ń pè ní Thunderbirds ń ṣe ìdánrawò. Ohun tí aṣáájú fi ń darí bàálù rẹ̀ há. Ó forí sọlẹ̀, àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e sì bá a lọ. Awakọ̀ mẹ́rin kú lẹ́ẹ̀kan náà.

Cochran mọ èyí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, níbi àṣehàn kan ní Virginia, ó darí bàálù kọ ojú ọ̀nà tí kì í ṣe èyí tó yẹ. Ó dá eré dúró, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà lọ síbi ìdánrawò, wọ́n sì fagi lé àṣehàn méjì. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 1996, ó fúnra rẹ̀ fi ipò sílẹ̀. Ó ní bí òun ti ń fò kò tẹ́ òun lọ́rùn tó láti máa ṣáájú àwọn ẹlòmíràn. Ẹnì kan kò kú lábẹ́ rẹ̀ rí. Wọ́n pe Greg Wooldridge, tó ti darí wọn tẹ́lẹ̀, padà wá, ẹgbẹ́ kò sì túká.

Ẹ rò ó wò. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ipò yẹn. Ṣé kò mọ̀ pé ẹlẹ́gàn yóò sọ̀rọ̀ ni? Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí àwọn tó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo lójú rẹ̀ ju orúkọ lọ.

Awakọ̀ dánfó wa tí kò ríran mọ́ lálẹ́, tó sì ń kó èrò láti Ẹgbẹ́dá bọ̀, ńkọ́? Akápò ẹgbẹ́ tí ìṣirò ti dàrú mọ́ lọ́wọ́, ńkọ́? Èmi àti ìwọ tí ọmọ ń wò nílé, ńkọ́?

Nígbà tí mo parí ìtàn yìí fún ọmọ náà, ó ní, "Ààfáà, ṣé wọ́n lé e ni?" Mo ní, "Rárá o. Ó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ ológun títí di ọdún 2000." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyẹn le ju fífò lọ."

Ọmọ náà ti gbọ́ ọ. Ó dìgbà kan ná.