Ẹ Sọ Ìdajì Tó Kù Fọ́mọ Yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ nílé, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́dún 1849, Ifẹ̀ gbógun ti Modákẹ́kẹ́, aládùúgbò rẹ̀. Modákẹ́kẹ́ borí, wọ́n tú Ifẹ̀ ká. Ní 1882 Modákẹ́kẹ́ tún tú Ifẹ̀ ká. Ní 1909 ó kan Modákẹ́kẹ́: wọ́n lé wọn jáde, ọ̀pọ̀ gba Òde-Òmu lọ. Wọ́n padà wá. Ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1981. Láti 1997 wọ 2000, ìbọn ń dún láàrin àwọn tó jọ ń nájà, tí wọ́n ń fẹ́mọ lọ́wọ́ ara wọn.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ifẹ̀ á ní àwa la fún wọn nílẹ̀ nígbà tógun lé wọn kúrò ní ìlú wọn. Modákẹ́kẹ́ á ní ta ló lé wa kúrò nínú ilé wa? Òótọ́ ni méjèèjì.

Ọ̀dọ́ tó gbé ìbọn ní 1997 kò tíì sí láyé ní 1909. Nílé ló ti rí ìbínú tó mú un gbé e. Ìyá àgbà ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá lálẹ́, ọmọ jókòó tì í. Ó ní, "Ibí yìí nilé bàbá rẹ àgbà wà kí wọ́n tó sun ún." Ọmọ ní, "Àwọn wo, Màmá?" Màmá fẹnu júwe òdìkejì títì. Ó tán. Kò sọ̀rọ̀ ilé tí àwọn tiwa náà lọ sun lóru ọjọ́ kejì.

Àgbà ní aforóyaró kì í jẹ́ kí oró tán nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹnu wa ló ń gbé oró náà lé ọmọ lọ́wọ́.

N ò ní kí ẹ gbàgbé o. Ìkà ni kéèyàn sọ fún ẹni tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ pé kó gbàgbé. Ẹni tó bá jẹ̀bi, ẹ mú un lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀dùn ọkàn tó bá wà nílẹ̀ lórí ilẹ̀ tàbí ìṣákọ́lẹ̀, ẹ jókòó sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀bẹ̀ mi kan ṣoṣo ni pé kẹ́ ẹ má gé ìtàn náà sí ibi tó dùn mọ́ yín.

Bí ọmọ bá tún bèèrè lálẹ́ òní, Màmá, ẹ gbé igbá ẹ̀gúsí yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ wò ó lójú, kẹ́ ẹ ní: "Wọ́n sun tiwa. Àwa náà sun tiwọn. Obìnrin tí èmi àti ẹ̀ jọ ń ta ẹ̀gúsí ló ni ọ̀kan nínú àwọn ilé náà."