Orin Tí Mò Ń Gbọ́ àti Ìdí Rẹ̀
Ẹni tó ń gbọ́ orin tó dùn mọ́ ọn, tí kò jẹ́ kí ará ilé gbọ́ níbẹ̀, ahun ni lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn pe orúkọ olórin láìsọ ohun tó rí níbẹ̀, òun náà kò tíì fún wa ní nǹkan kan. Àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mò ń gbọ́ lásìkò yìí, kì í sì í ṣe torí pé òun àti I.K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ àwo orin STAR sílẹ̀ ní 1969, bí ìyẹn tilẹ̀ wú ni lórí. Ohun tó mú mi ni pé kò sí jìtá, kò sí fèrè òyìnbó: agídìgbo ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dá a lóhùn, bàbá náà yóò sì máa ki ẹni tó ń kì láti ìdílé dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ kò ní í ṣú. Àwọn ọ̀dọ́ ní ó falẹ̀ jù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, n kò sì mọ ohun tí wọ́n ń lé. Bí ẹlòmíràn bá sì fẹ́ sákárà Yusuf Ọlátúnjí, Bàbá Lẹ́gbàá, jù ú lọ, kó wí ibi tí gòjé ti wọ̀ ọ́ lára, kí a jọ gbọ́ ọ.