Dísìkì Tí Kò Hàn Kò Tíì Kú

"Ó ti kú. Lọ ra òmíràn."

Gbólóhùn kúkurú méjì, àmọ́ ẹ wo iye owó tí wọ́n ń gbọ́n lápò akẹ́kọ̀ọ́. Èèyàn á fi oṣù mélòó kan tu owó jọ. Á ra motherboard lóṣù yìí, á ra RAM lóṣù tó tẹ̀lé e, á wá àpótí àti power supply, á ra SSD tuntun lé e. Á to gbogbo rẹ̀ pọ̀, á tan án. Fáànù ń yí, iná ń tàn, àmọ́ kọ̀ǹpútà ní òun ò rí dísìkì kankan. Ó di ọ̀dọ̀ ẹni tí gbogbo ọgbà ń pè ní ẹnjiníà. Onítọ̀hún ò yẹ wáyà kan wò, kò béèrè ìbéèrè kan. Ó wojú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá ẹjọ́ ikú fún dísìkì tí kò tíì lo ọjọ́ kan láyé.

Ohun tí à ń sọ kò lọ́jú pọ̀ rárá. "Kò hàn" àti "ó ti kú" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tó bá ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, yálà kò mọ iṣẹ́ tàbí ó mọ̀ ọ́n, àmọ́ èrè orí ọjà ló ń wá. Bó ti wù kó jẹ́, àpò wa ló ń fi ṣèwà hù, ó sì yẹ ká sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláàsì gírámà Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe "rí" kì í dá dúró lásán. Ó ní olùwà, ó ní àbọ̀. Nígbà tí ẹnjiníà bá ní "a ò rí dísìkì", a ti gbọ́ àbọ̀. Olùwà ńkọ́? Ta ni "a" yẹn? Nínú kọ̀ǹpútà, ó kéré tán, ẹni mẹ́ta ló lè sọ pé òun ò rí dísìkì: BIOS tó kọ́kọ́ ń jí nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ, ètò tó ń gbé Windows wọlé, àti File Explorer tí a fi ń wo fáìlì. Àìsàn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí yàtọ̀, oògùn rẹ̀ náà yàtọ̀. Ẹni tí kò bá mọ olùwà gbólóhùn ara rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe nǹkan oníǹkan ní òkú.

Ẹ jẹ́ ká gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bó bá jẹ́ File Explorer ni kò rí i, ọ̀rọ̀ náà kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Windows ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi dísìkì kejì kún un, ẹ ṣí This PC, ẹ ò bá a níbẹ̀. Dísìkì tuntun tí a ń kì sínú àpótí kọ̀ǹpútà sábà máa ń wà ní òfìfo pátápátá. Ó dà bí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tí a ò tíì wọ̀n, tí a ò tíì pààlà sí, tí kò ní nọ́ńbà ilé. Ta ni yóò rí ilé tí a ò tíì kọ́? Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún mouse tẹ Start, ẹ mú Disk Management. Bí dísìkì bá wà níbẹ̀, ó wà láàyè. Windows á béèrè bóyá MBR tàbí GPT lẹ fẹ́. Ẹ mú GPT, torí MBR ti pẹ́ láyé, kò sì lè lò ju 2TB lọ lórí dísìkì kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ apá tí wọ́n kọ Unallocated sí, ẹ mú New Simple Volume, ẹ fún un ní lẹ́tà. Ó parí. Bẹ́ẹ̀ bí 1TB tí ẹ rà bá fi 931GB hàn, ẹnikẹ́ni ò jí i yín jẹ. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ń fi ẹgbẹ̀rún ka tirẹ̀, Windows ń fi 1024 ka tirẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Síbẹ̀ àwọn kan ti gbowó dísìkì tuntun lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ká wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Bó bá jẹ́ ètò tó ń gbé Windows wọlé ni kò rí i, ẹ kọ́kọ́ padà sínú BIOS. Bí orúkọ dísìkì náà bá wà níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Intel láti ìran 11 wá, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní VMD. Bí VMD bá wà ní títàn, òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà SSD onírúurú NVMe. Windows tó wà lórí flash yín lè má ní driver tí yóò fi bá a sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ní òun ò rí nǹkan kan. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gba driver Intel RST láti ojú ìwé motherboard yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tú u sórí flash, kí ẹ sì tẹ Load driver níbi tí Windows ti ń béèrè dísìkì. Ẹ sì lè pa VMD nínú BIOS kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ má pa á lẹ́yìn tí Windows bá ti wọlé tán, torí Windows tó bá VMD lójú iṣẹ́ lè kọ̀ láti dìde mọ́ nígbà tí kò bá rí i.

Bó bá jẹ́ BIOS fúnra rẹ̀ ni kò rí i, ibí gan-an ni iṣẹ́ wà, ibí náà sì ni ọ̀lẹ ẹnjiníà ti máa ń sá lọ sí "ra òmíràn".

Dísìkì SATA ń lo wáyà méjì. Tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé ọ̀rọ̀ ń lọ sórí motherboard, fífẹ̀ tí ń gbé iná ń ti power supply wá. Ẹni tó bá ń to kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń rántí ọ̀kan, kó gbàgbé èkejì. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná, ẹ tún wáyà méjèèjì tì bọlẹ̀ dáadáa, ẹ pààrọ̀ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gbé e lọ sí ihò mìíràn. Ṣùgbọ́n bí power supply yín bá jẹ́ irú èyí tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ, ẹ má ṣe yá wáyà iná ti ẹlòmíràn lò láéláé. Orí tó ń wọ dísìkì jọra, àmọ́ ìdí tó ń wọ power supply kò ní ètò kan náà láti ilé iṣẹ́ dé ilé iṣẹ́. Iná lè gba ibi tí kò yẹ, kó sì jó dísìkì náà. Ibẹ̀ ni ikú tòótọ́ ti ń wá, ọwọ́ àwọn tó ń kánjú tún un ṣe ló sì ti ń wá.

SSD M.2 tó dà bí ọ̀pá ṣingọ́ọ̀mù tiẹ̀ tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Irú méjì ló wà, SATA àti NVMe, wọ́n sì jọ ara wọn bí ìbejì. Ihò kan lè gba méjèèjì, òmíràn lè gba ẹyọ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fi M.2 SATA sínú ihò tó jẹ́ ti NVMe nìkan, ó lè wọlé rẹ́gí, kó má sì hàn títí ayé. Ìyẹn kì í ṣe ikú, ẹni tó rà á ló kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá ó wọlé dé ìdí. Ẹ̀gbẹ́ la ti ń tì í wọlé, ká tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ká fi nọ́ọ̀tì kékeré dè é.

Ó ku èyí tí àwọn ẹnjiníà wa kì í fẹ́ gbọ́: ìwé ìlànà tó bá motherboard wá. Lórí ọ̀pọ̀ motherboard, bí ẹ bá ti fi nǹkan sínú ihò M.2 kan, ihò SATA kan tàbí méjì á pa ara rẹ̀ dé, torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Lórí motherboard Intel Z590, ihò M.2 tó so mọ́ CPU tààrà kì í ṣiṣẹ́ bí CPU náà bá jẹ́ ìran 10. Ìran 11 ló ń jí i. Ẹni tó bá gbé SSD rẹ̀ síbẹ̀ lè ra mẹ́wàá, ìkankan nínú wọn ò ní hàn. Ẹ ṣáà gbé e bọ́ sí ihò kejì, á yọjú. Gbogbo èyí wà nínú ìwé tí wọ́n dì mọ́ páálí, tí a jọ máa ń jù sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbé dísìkì náà sínú kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́. Bí BIOS ibẹ̀ náà ò bá rí i, ìgbà yẹn ni "ó ti kú" tó di ọ̀rọ̀ tó ní ẹ̀rí. Dísìkì máa ń kú lóòótọ́, a ò jiyàn. Tuntun pàápàá lè ti kú kó tó dé ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí tuntun bá kú, ṣé ẹ̀yin ló yẹ kó ra òmíràn ni? Ẹni tó tà á ló yẹ kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín.

Ọ̀rọ̀ owó la ti ń sọ bọ̀. Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tí owó ò lè rà padà.

Ọ̀pọ̀ wa tó ń to kọ̀ǹpútà tuntun ló ń yọ hard disk àtijọ́ láti fi kún un. Windows tuntun lè wò ó, kó ní kí ẹ format rẹ̀ kó tó ṣeé lò, ẹnjiníà á sì tẹ OK kí ẹ tó ṣẹ́jú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó lè jẹ́ pé Linux ló ti ń lo dísìkì náà tẹ́lẹ̀, tí Windows ò sì gbọ́ èdè ext4. Ó sì lè jẹ́ pé àkójọ orúkọ fáìlì ló dàrú, tí fáìlì fúnra wọn ṣì wà níbẹ̀ digbí. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá mọ ohun tó wà lórí dísìkì bẹ́ẹ̀: ìjálá tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu ọdẹ, ẹkún ìyàwó, oríkì ìdílé, ohùn ìyá àgbà tó ní ká wá gbọ́ kí òun tó lọ. Bí onítọ̀hún bá ti wà nínú ilẹ̀, ta la óò tún padà lọ bá? Ẹni tó format irú dísìkì bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ti sin ín lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, bí Windows bá ní kí ẹ format dísìkì tó ní nǹkan nínú, ẹ kọ̀. Ẹ fi Linux tó wà lórí flash wò ó. Ẹ fi ddrescue da gbogbo rẹ̀ kọ sórí dísìkì mìíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ẹ sì jẹ́ kí TestDisk tàbí PhotoRec ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà náà. Bó bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ikùn rẹ̀. Ohùn àgbà tó wà níbì kan ṣoṣo kò tíì sí ní ìpamọ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbi méjì, ó kéré tán.

Àwọn kan á ní ẹnjiníà náà gbọ́dọ̀ jẹun. A gbà. Ẹ sanwó ọwọ́ iṣẹ́ fún ẹni tó bá fi wákàtí kan wá ìdí ọ̀rọ̀, kódà bó bá jẹ́ wáyà kan péré ló tún tì. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà, a mọ̀ wọ́n, a sì ń yìn wọ́n. Èyí tí a ò ní sanwó rẹ̀ mọ́ ni àìwádìí.

Àwọn mìíràn á ní kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú BIOS. Èsì wa ni pé ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò kò gbẹ́yìn. Bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá lè fi èdè yìí gbọ́ sáyẹ́ǹsì, kí ló dé tí àwa tó ń gboyè lórí rẹ̀ kò fi lè fi í béèrè ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà wa? Abéèrè kì í ṣìnà.

Nígbà mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá ní dísìkì yín ti kú, ẹ má tíì fọwọ́ bàpò. Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni kò rí i? Kí lẹ ti yẹ̀ wò? Kọ̀ǹpútà mìíràn wo lẹ ti gbé e sí? Bí kò bá rí èsì fún ẹyọ kan, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, ẹ gbé ẹrù yín, kí ẹ máa lọ.