Kọ́mú Kò Sọ Ọkùnrin Di Obìnrin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àrùn tí ń ṣe ogójì ni ó ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Ohun tí ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí jẹ́ ọ̀kan nínú irú àrùn bẹ́ẹ̀: ó ń ṣe púpọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ẹni tí ó ń ṣe rò pé òun nìkan ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tí ọyàn wọn yọ bí ti obìnrin ni, pàápàá àwọn tí ìwúwo tàbí ìrora ọyàn náà mú kí wọ́n máa wọ kọ́mú lábẹ́ aṣọ. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá jà, nítorí pé ó ti ba ayọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin jẹ́, ó sì ti dí ọ̀nà ilé ìwòsàn mọ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Nínú ara gbogbo ènìyàn, ìbáà ṣe akọ, ìbáà ṣe abo, ni àwọn èròjà kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní họ́mónù. Èyí tí ó ń mú kí ọkùnrin hu irùngbọ̀n wà lára obìnrin níwọ̀nba. Èyí tí ó ń mú kí ọyàn obìnrin dàgbà sì wà lára ọkùnrin níwọ̀nba. Nígbà tí ìwọ̀n àwọn méjèèjì bá yí padà nínú ara ọkùnrin, ìwọ̀nba ẹran ọyàn tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn láti inú ìyá rẹ̀ wá yóò bẹ̀rẹ̀ sí wú. Gynaecomastia ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà, Galen, oníṣègùn àtijọ́ tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù, ni a sì gbà pé ó fún un ní orúkọ. Ní ọ̀rúndún keje, Paul ará Aegina ti kọ ọ́ sínú ìwé bí a ti ń fi abẹ gé e. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé àsàsí ni, tàbí pé èpè ni, tàbí pé ayé ọ̀làjú ni ó mú un wá, kí ó mọ̀ pé àwọn oníṣègùn ti ń tọ́jú rẹ̀ kí a tó bí baba ńlá àwọn baba wa.

Ìgbà mẹ́ta ni ó sábà máa ń yọjú nínú ayé ọkùnrin. Èkíní ni ìgbà tí a bí i. Ọyàn ọmọ tuntun a máa wú nítorí họ́mónù ìyá rẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀, omi funfun díẹ̀ sì lè jáde níbẹ̀. Àwọn ìyá àgbà kan a máa tẹ̀ ẹ́, wọn a máa fún un, wọ́n rò pé ìtọ́jú ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò lọ fúnra rẹ̀. Bí a bá ń fún un, ó lè di egbò, kí ó sì gba ọyún. Èkejì ni ìgbà ìbàlágà, pàápàá nígbà tí ọmọkùnrin bá wà ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá. Ìwádìí púpọ̀ fi hàn pé àwọn ọmọkùnrin tí èyí ń ṣe lè tó ìdajì gbogbo wọn, àti pé lára púpọ̀ jù nínú wọn ni yóò ti parẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì. Ẹ̀kẹta ni ìgbà ogbó, nígbà tí agbára họ́mónù ọkùnrin bá ń rẹlẹ̀.

Yàtọ̀ sí ọjọ́ orí, àwọn ìdí mìíràn wà. Àìsàn ẹ̀dọ̀ a máa fà á, àìsàn kíndìnrín a máa fà á, àrùn ẹ̀tẹ̀ tí ó bá ba kóró ẹpọ̀n jẹ́ a máa fà á. Oògùn náà wà níbẹ̀: spironolactone tí a ń lò fún ọkàn àti ara wíwú, cimetidine tí a ń lò fún ọgbẹ́ inú, àti efavirenz, oògùn kòkòrò HIV tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lò ní ilẹ̀ wa fún ọdún pípẹ́ kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó fi dolutegravir sí ipò àkọ́kọ́ ní 2019. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń gún abẹ́rẹ́ họ́mónù kí iṣan wọn lè yọ náà kò gbẹ́yìn. Ebi pàápàá lè ṣe é. Ní 1945, nígbà tí a tú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sílẹ̀ nínú àgọ́ ẹ̀wọ̀n àwọn ará Japan, bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹun yó lẹ́yìn ìyà ọjọ́ pípẹ́ ni ọyàn àwọn kan nínú wọn wú. Àwọn wọ̀nyí ti gbé ìbọn, wọ́n ti rí ikú sójú. Ta ni yóò dúró níwájú wọn kí ó sọ pé wọn kì í ṣe ọkùnrin?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé orí kọ́mú. Ẹni tí kò ṣe rí lè rò pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni ó ń mú ọkùnrin wọ̀ ọ́. Ọyàn tí ó wú a máa dunni. Bí ọkùnrin bá ń sáré, a máa mì. Bí ó bá wà lórí ọ̀kadà, gbogbo gàlègàlè ọ̀nà ni yóò mọ̀ sí àyà. Orí ọyàn a máa ha ṣẹ́ẹ̀tì títí yóò fi bó. Òógùn a máa sé sí abẹ́ rẹ̀ nínú oòrùn wa yìí, a sì máa di èékú. Kí ni ọ̀pọ̀ ń ṣe? Wọn a wọ síńgílẹ́ẹ̀tì méjì tàbí mẹ́ta lé ara wọn nínú ooru; wọn a fi báńdéèjì di àyà pinpin títí èémí kò fi ní já gaara; wọn a máa tẹ èjìká síwájú bí arúgbó kí àyà má baà hàn. Kọ́mú rírọ̀ tí ó bá ara mu dára ju gbogbo èyí lọ. Ó ń gbé ẹrù ọyàn ró, ó sì ń gba ara lọ́wọ́ họ́họ́. Iṣẹ́ tí ọ̀pá ń ṣe fún arọ, tí awò ojú ń ṣe fún ẹni tí kò ríran dáadáa, ni ó ń ṣe fún un. Síbẹ̀, bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ rà á lọ́jà, ìyàwó tàbí àbúrò ni yóò ní òun ń rà á fún, yóò sì ra èyí tí kò bá a mu, nítorí kò jẹ́ wọ̀n ọ́n wò.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Aṣọ obìnrin ni, Bíbélì sì kọ̀ ọ́ nínú Diutarónómì." Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi aṣọ pa ara rẹ̀ dà kí a lè pè é ní ohun tí kò jẹ́, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó wọ ohun ìtura sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì kí ó lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Ẹlòmíràn yóò sọ pé àṣà wa kò gbà á. Àṣà wo? Kọ́mú fúnra rẹ̀ kò sí nínú àṣà wa. Ìró ni àwọn ìyá ìyá wa ń ró sí àyà. Bí a bá sì ń sọ ti àṣà, adósù Ṣàngó tí ó jẹ́ ọkùnrin a máa di irun bí obìnrin, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ fi í ṣẹ̀sín níwájú òrìṣà rẹ̀. Àwọn baba wa tún ní ọgbọ́n kan tí a ti gbàgbé: abuké, arọ àti àfín, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, ọwọ́ Ọbàtálá ni wọ́n ní ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, èèwọ̀ sì ni láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà wo ni a wá kọ́ láti máa fi ara ọmọnìkejì ṣe ẹ̀fẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn aṣòfin wa pẹ̀lú. Òfin ìwà ọ̀daràn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àríwá ní 1960 ka ọkùnrin tí ó bá múra bí obìnrin ní gbangba mọ́ àwọn arìnrìn-ìranù, ní abala 405. Ní oṣù kẹrin 2022, a gbé àbá òfin kan wá sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, èyí tí yóò fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 500,000 náírà jẹ ẹni tí ó bá wọ aṣọ tí kì í ṣe ti irú rẹ̀. Ilé náà parí sáà rẹ̀ ní 2023 láì sọ ọ́ di òfin. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, ẹnikẹ́ni tí ó bá tún fẹ́ ṣe òfin lórí aṣọ, kí ó rántí ọkùnrin tí ń ṣàìsàn. Ọlọ́pàá tí ó bá tú aṣọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ojú pópó ti fi ìyà jẹ aláìsàn.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ fẹ́ràn ìlọsíwájú orílẹ̀-èdè yìí, ẹ rántí ẹjọ́ tí àwọn aṣíwájú wa bá àwọn òyìnbó ṣe kí a tó gba òmìnira ní 1960. Wọ́n sọ fún wọn pé awọ ara kọ́ ni ìwọ̀n ènìyàn. Pé ẹ fi ọgbọ́n wa, iṣẹ́ wa àti ìwà wa wọ̀n wá. A jàre ẹjọ́ náà. Ǹjẹ́ ó yẹ kí àwa tí a jàre ẹjọ́ awọ wá máa fi àyà wọn ọmọ ìyá wa?

Ewu tí ó wà nínú ìtìjú yìí ju ọ̀rọ̀ ẹ̀sín lọ. Ọkùnrin náà ń ní jẹjẹrẹ ọyàn. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí jẹjẹrẹ ọyàn ń ṣe, nǹkan bí ẹnì kan jẹ́ ọkùnrin. Richard Roundtree, òṣèré Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ akọni nínú fíìmù Shaft ti 1971, ní in ní 1993; wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì tún lo ọgbọ̀n ọdún láyé kí ó tó kú ní 2023. Mathew Knowles, baba Beyoncé akọrin, jáde ní 2019 láti sọ pé ó ṣe òun náà. Ọyàn tí ó wú lásán kì í ṣe jẹjẹrẹ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín. Ṣùgbọ́n bí kókó líle bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní orí ọyàn, bí orí ọyàn bá wọlé sínú, tàbí bí awọ ibẹ̀ bá di egbò, kí ẹni náà má ṣe fi kọ́mú bò ó mọ́lẹ̀ kí ó máa lọ. Kí ó tọ dókítà lọ kíákíá. Bí ó bá fura pé oògùn ni ó fà á, kí ó má ṣe dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀. Kí ó sọ fún ẹni tí ó kọ ọ́ fún un. Kí ó sì ṣọ́ra fún àwọn tí ń ta ìpara àti àgbo tí wọ́n ní ó ń yọ́ ọyàn. Bí ó bá ti pẹ́ tí kò sì lọ, iṣẹ́ abẹ wà tí ó ń mú un kúrò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni mo fi ọ̀rọ̀ mi tì sí ọ̀dọ̀ wọn, nítorí pé inú kíláàsì yín ni ọ̀ràn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ó ń mọ́kàn bọ ẹ̀kọ́ lè dédé máa sá fún pápá eré. Ẹ má tètè pè é ní ọ̀lẹ. Nígbà tí ẹ bá pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ méjì fún bọ́ọ̀lù, ẹ má ṣe ní kí ẹgbẹ́ kan bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi aṣọ aláwọ̀ méjì yà wọ́n. Ní ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé, ẹ jẹ́ kí ibi ìwẹ̀ ní ìlẹ̀kùn. Nígbà tí ẹ bá ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìbàlágà, tí ẹ ti sọ ti ohùn tí ó ń kẹ̀ àti irun tí ó ń hù, ẹ fi gbólóhùn kan kún un pé ọyàn ọmọkùnrin lè wú, pé kò burú, pé yóò sábà lọ. Gbólóhùn kan yẹn yóò gba ọmọ tí ó jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì, tí ó ti ń rò pé òun ti di ẹlòmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá fún un ní orúkọ ẹ̀sín, ẹ pa orúkọ náà rẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí orúkọ náà má ṣe ti ẹnu yín jáde.

Ohun tí a lè ṣe kò ná wa ní kọ́bọ̀. Kí ìyá ṣíwọ́ ọyàn ọmọ tuntun rẹ̀ ní fífún, kí baba bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ọlọ́jà ta kọ́mú fún ọkùnrin tí ó bá fẹ́ rà láì bi í ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ìyàwó má ṣe fi àyà ọkọ rẹ̀ bú u nígbà ìjà. Ìwà ni a fi ń mọ akọ láàárín ọkùnrin. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́, tí ń bọ́ ilé rẹ̀, tí ń pa òtítọ́ mọ́, ọkùnrin ni, ohunkóhun tí ó bá wọ̀ sábẹ́ agbádá.