Ìmìtìtì Ilẹ̀: Ó Yẹ Kí A Bi Ilẹ̀ Fúnra Rẹ̀ Léèrè

Ní oṣù keje ọdún 1984, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, mímì náà sì dé Ìbàdàn, Ṣágámù àti Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1990, ilẹ̀ mì ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, òmíràn tí orísun rẹ̀ wà nítòsí Àlàdá ní ilẹ̀ Benin ni àwọn ènìyàn gbúròó rẹ̀ títí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ó kan Àbújá, àwọn ará Mpape sì sá jáde kúrò nínú ilé. Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tí ó wó ìlú. Nítorí náà, bí ariwo bá ti rọlẹ̀ tán, olúkúlùkù a padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà a sì di ìgbàgbé. Ìgbàgbé yìí gan-an ni a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá jùlọ àwọn tí ń gbé ní Igbódìgò àti ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gbogbo.

A mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ sọ. Wọn yóò ní Ọlọ́run ti yọ Nàìjíríà kúrò nínú irú ewu bẹ́ẹ̀, pé Japan, Turkey àti Chile ni ó ni í. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Èèpo ayé pín sí àwo ńláńlá, etí ibi tí àwọn àwo wọ̀nyí ti ń fara gbún ara wọn ni ilẹ̀ ti ń mì jù, etí tí ó sún mọ́ wa jù sì wà láàárín òkun Atlantic. Ṣùgbọ́n Guinea náà jìnnà sí etí àwo, bẹ́ẹ̀ ni ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1983 ilẹ̀ mì ní agbègbè Gaoual níbẹ̀, ó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, ilẹ̀ sì ya ní ojúkojú fún nǹkan bíi kìlómítà 9. Àwọn ará ibẹ̀ náà ti rò pé ilẹ̀ tiwọn kì í mì.

Ti Ghana ni ó sún mọ́ wa jù. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1862 ni ìmìtìtì ilẹ̀ ba ìlú Accra jẹ́. Ọdún 77 kọjá. Àwọn tí ó fojú rí i ti kú, àwọn ọmọ wọn ti darúgbó. Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, òmíràn dé, agbára rẹ̀ tó 6.5 lórí òṣùwọ̀n. Ènìyàn 17 ni ó kú, 133 sì fara pa. Ilé wó lọ bẹẹrẹ débi pé ìjọba ní láti kọ́ àdúgbò titun fún àwọn tí kò nílé mọ́. Mímì náà dé Èkó, Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀. Orí ẹ̀là ilẹ̀ ni Accra jókòó sí: ojú ibi tí àpáta ti là sí méjì nísàlẹ̀, tí apá kan sì ń yọ̀ lára èkejì. Ẹ̀là kan ti orí òkè Akwapim sọ̀kalẹ̀ wá, òmíràn gba ẹ̀bá òkun, wọ́n sì pàdé ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. Nítòsí ibẹ̀ ni ìdídò Weija wà, tí a parí ní ọdún 1978, tí púpọ̀ nínú omi tí àwọn ará Accra ń mu ti ń wá. Ní ọdún 1939 ìlú náà kò tíì tó ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn. Lónìí, wọ́n ti di mílíọ̀nù.

Ta ni ó lè sọ ìgbà tí ẹ̀kẹta yóò dé? Ọdún 1862 àti 1939 kò tó láti fi ṣírò. Ẹni tí ó bá rí òjò lẹ́ẹ̀mejì péré kò lè sọ pé òun ti mọ àsìkò òjò. Ìwé àkọsílẹ̀ wa kò pẹ́, ìrántí àwọn àgbà wa kò sì ju ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Nínú ọ̀ràn yìí ọmọdé ni gbogbo wa, ilẹ̀ ni àgbà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí bi ilẹ̀ fúnra rẹ̀ léèrè.

Yàrà ni wọ́n ń gbẹ́. Àwọn baba ńlá wa mọ yàrà dáadáa. Ti Súngbọ́ Erédò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ń bẹ níbẹ̀ títí di òní. Tiwọn wà fún ogun, èyí wà fún ìwádìí. Bí a bá gbẹ́ ẹ kọjá ojú ẹ̀là, tí a sì fá ògiri rẹ̀ kí ó mọ́, a ó rí ilẹ̀ ní ìpele ìpele gẹ́gẹ́ bí ẹní tí a tò lé ara wọn: yanrìn tí àkúnya omi gbé wá, amọ̀, àti ilẹ̀ dúdú tí ewé jíjẹrà dá sílẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ya rí, àwọn ìpele tí ó ti wà kí ó tó ya yóò já, apá kan yóò ga ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bò ó lẹ́yìn náà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ láìjá. Àárín àwọn méjèèjì ni ìmìtìtì náà bọ́ sí. Èédú àti ewé inú àwọn ìpele náà ni a fi ń mọ ọjọ́ orí wọn, nítorí oríṣi kábónì kan wà nínú ohun gbogbo tí ó ti yè rí, tí ó máa ń dín kù ní ìwọ̀n tí kì í yí padà, tí ìdajì rẹ̀ yóò sì ti lọ láàárín nǹkan bí ọdún 5,730.

Báyìí ni ọ̀jọ̀gbọ́n Kerry Sieh ṣe ní Pallett Creek ní California láti àwọn ọdún 1970. Ó ka ìmìtìtì ńláńlá tí ó ti ṣẹlẹ̀ kí òyìnbó tó dé ibẹ̀, ó sì rí i pé bí a bá pín ọdún wọn dọ́gba, ọ̀kan ń dé ní nǹkan bí ọdún 130 sí 140. Ṣùgbọ́n wọn kì í dé dọ́gba. Nígbà mìíràn wọ́n a ṣù pọ̀, lẹ́yìn náà ilẹ̀ a sinmi fún igba ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìwádìí yàrà kì í sọ ọjọ́ kan pàtó. Ohun tí ó ń sọ ni bí ewu ti tóbi tó, kí ẹni tí ń kọ́ afárá tàbí ìdídò lè mọ irú irin tí yóò fi sí i.

Ní Japan, àwọn onímọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ oko ìrẹsì ní Sendai, wọ́n sì rí yanrìn tí ìgbì òkun ńlá ti ọdún 869 gbé wọlé jìnnà sí etíkun. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé, wọ́n kìlọ̀. Àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́ kò tètè gbọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, òkun tún padà sí ibi tí yanrìn náà wà. Ènìyàn tí ó lé ní 18,000 kú tàbí kí a má rí wọn mọ́, ilé iṣẹ́ iná Fukushima sì bàjẹ́. Ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, àwọn baba wa ní, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ó kù sí ọwọ́ ará yòókù láti kọ́ ọ.

Ẹ̀là wà ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Èyí tí a mọ̀ jù ni ti Ìfẹ̀wàrà, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Ilé-Ifẹ̀ àti ilẹ̀ wúrà Ìjẹ̀ṣà kọjá, tí àwọn onímọ̀ sì ń tọ ipa rẹ̀ lọ sí ìhà àríwá títí dé Zungeru, níbi tí ìdídò ńlá wà lónìí. Ó ti là láti àìmọye mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Kì í ṣe ìyẹn ni ìbéèrè. Ìbéèrè ni pé ṣé ó ti yẹsẹ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan tí ó kọjá yìí? Àwòrán láti ojú òfuurufú àti ẹ̀rọ tí ń wọn agbára òòfà inú àpáta ti fi ipa rẹ̀ hàn wá, àwọn ọ̀mọ̀wé wa sì ti ṣiṣẹ́ takuntakun lórí wọn. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í sọ ọjọ́ orí. Yàrà ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé e.

Ní ti Igbódìgò, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe àpáta bíi ti Ìdànrè. Yanrìn àti amọ̀ tí omi tò jọ ni, wọ́n sì bo gẹ̀rẹ́ àpáta kan tí ó rì mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń fi orúkọ Òkìtìpupa pè. Ohun méjì ni ó ti ibẹ̀ wá. Èkínní, ilẹ̀ rírọ̀ a máa sọ mímì kékeré di ńlá, yanrìn tí ó mu omi yó sì lè di ẹrẹ̀ lójijì bí a bá gbọ̀n ọ́n. Èkejì, irú ilẹ̀ tí ó lẹ́wu yìí náà ni ó ń pa ìtàn mọ́ jù. Bí yanrìn bá ti ru sókè láti ìsàlẹ̀ rí nítorí mímì líle, àpá rẹ̀ yóò wà nínú ìpele náà gẹ́gẹ́ bí òpó tí ó dúró ṣánṣán láàárín ẹní. Kò sí ìdí fún ìbẹ̀rù tàbí àṣálà, a kò sì sọ pé ewu ti dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tí a ń wí ni pé ilẹ̀ tí ọ̀dà dúdú wà nínú rẹ̀ láti Agbabu kọjá lọ, tí ìjọba ń polongo fún àwọn olówó ayé pé kí wọ́n wá wà á, yẹ kí a ti yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ̀rọ ńláńlá tó dé orí rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà kò dára, oògùn kò sí ní ilé ìwòsàn, kí ni a fẹ́ fi kòtò ṣe? Ìbínú wọn yé wa. Ṣùgbọ́n owó yàrà kéré púpọ̀ sí owó ọ̀nà. Yunifásítì wà ní Òkìtìpupa, àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣọ́ mímì ilẹ̀ sì wà ní Toro ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó so wọ́n pọ̀. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń kọ mímì ilẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Kí wọ́n tètè bi àwọn àgbà léèrè, láti Ìjẹ̀bú títí dé Òkìtìpupa, ohun tí wọ́n gbúròó ní ọdún 1984, nítorí ẹni tí ó jẹ́ ogún ọdún nígbà náà ti lé ní ọgọ́ta. Ilé kíkọ́ ńkọ́? Ní Ìkòyí, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó lulẹ̀ láìjẹ́ pé ilẹ̀ mì rárá, ó pa ju 40 ènìyàn lọ. Ilé tí kò lè dúró lórí ilẹ̀ tí ó dákẹ́, kí ni yóò ṣe lórí èyí tí ń gbọ̀n?

Yunifásítì kò tilẹ̀ ní láti dúró de owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni a ń wa yanrìn, tí a ń gbẹ́ kànga, tí katakata sì ń la ọ̀nà kọjá ẹ̀gbẹ́ òkè ní agbègbè wa. Bí òṣìṣẹ́ kan ní Igbódìgò bá rí i pé ìpele ilẹ̀ já lójijì nínú ògiri kòtò, tàbí pé yanrìn funfun gún amọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti wà fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó sì ránṣẹ́ sí Òkìtìpupa.